Sátidé mẹ́rin, ₦8,000, àti ìwé àwìn ìyá mi

"Níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?"

Ọkùnrin tó béèrè kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, "Kò síbì kankan sà." Ó dé bíìrò rẹ̀, ó ní kí n máa lọ, wọ́n á pè mí. Alágbàká l'Ákùúrẹ́ nibẹ̀, níbi íntáfíù iṣẹ́ kan, oṣù kẹta ọdún yìí. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì pè. Ohun tó tilẹ̀ ń dójú tì mí jù ni bí mo ṣe wọlé: mo kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, fáìlì bọ́ lábíyá mi, ìwé ẹ̀rí mi fọ́n káàkiri ilẹ̀. Èmi àti akọ̀wé wọn la jọ ṣà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n lọ sí kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ rí bí wọ́n á ṣe máa dáhùn ìbéèrè íntáfíù. Òun ló sì san owó rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n fojú sí i dáadáa, torí ẹ̀gbọ́n mi kì í sanwó kó má béèrè ohun tó fi rà. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo ní ẹjọ́ wọn tí mo fẹ́ rò, n kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Òkè ilé alájà kan ni, kò jìnnà sí Ọjà Ọba, télọ̀ wà nísàlẹ̀, obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà.

₦8,000 ni wọ́n ń gbà fún Sátidé mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sára pátákó. Irọ́ ni. Kò sí ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yàrá tí kò ju àga méjìlá lọ ni wọ́n kó àwa mẹ́rìnlélógún sí, àwọn tó pẹ́ dé jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń yọrùn wọlé bí ẹni ń wo ìran. Jẹnẹrétọ̀ télọ̀ náà kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Bí ẹni tó ń kọ́ wa bá fẹ́ sọ nǹkan pàtàkì, ó ní láti dúró dìgbà tí ẹ̀rọ náà bá rọlẹ̀ díẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́, ká sọ òótọ́, owó wọ igbó. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí oníkálukú mú ₦1,500 wá fún ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn. Wọn ò sọ fún wa kí a tó sanwó pé a máa rà á. Ìwé fótókópì ni, ojú ìwé kan ti dúdú bí ìdí ìkòkò. A wá ń ka ìdáhùn inú rẹ̀ ní ohùn kan, bí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ka ìsọdipúpọ̀: mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, mo mọ bí a ṣe ń bá ẹlẹgbẹ́ ẹni ṣiṣẹ́, mo lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira. Ìdáhùn 17 wà fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Ó ní kí ó sọ nípa iṣẹ́ tó ṣe nígbà ìsinmi níbi tí wọ́n ti ń po kọfí, tàbí nípa bó ṣe ń bá aládùúgbò tọ́jú ọmọ gba owó. Èmi kàn ń wo ìwé náà ni. Ta ló ń sanwó fún ni láti tọ́jú ọmọ aládùúgbò l'Ákùúrẹ́? Ọmọ aládùúgbò á kàn yọ sí ọ nílé ni, á jẹun, á sùn, ìyá rẹ̀ á wá pè é lálẹ́.

Díẹ̀ ló kù kí n má padà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló lé mi jáde nílé.

Sátidé kejì ni Màmá dé. Gbogbo wa la ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́ ni wọ́n wà. Ìlànà iṣẹ́ ọba ni pé bí o bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí o ti lo ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kí o máa lọ sílé. 35 yìí ló kọ́kọ́ dé bá Màmá. Wọ́n fi okùn so gíláàsì kọ́rùn, wọ́n gbé fulásíìkì tíì sórí tábìlì, wọ́n ní kí bọ̀ọ̀dá Gẹ̀ẹ́sì lọ bẹ télọ̀ kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ fún wákàtí kan. Télọ̀ sì pa á. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n nawọ́ sí ọmọkùnrin kan tó kàwé jáde ní yunifásítì FUTA. "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀: wọ́n bí mi sínú ìdílé ọ̀gbẹ́ni báyìí àti ìyáàfin báyìí, ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ báyìí ni mí, èmi ni ìkẹta nínú ọmọ márùn-ún, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ni…

"Dúró. Ṣé wọ́n fẹ́ fún ọ láya ni?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa. Màmá ní ìṣẹ́jú kan péré ni ìbéèrè yẹn, ohun mẹ́ta ló sì fẹ́: ohun tí o kọ́, ohun kan tí o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe tó bá iṣẹ́ wọn mu, àti ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn lo wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìtàn ìdílé rẹ ò kàn wọ́n. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ń ka àkókò. Ọmọ FUTA yẹn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó bọ́ sí ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n wá kàn mí.

"Ìwọ tó jókòó sẹ́nu fèrèsé, kí lo ti ń ṣe látìgbà tó o ti parí NYSC?"

"N kò ṣe nǹkan kan mà. Mo kàn wà nílé ni."

"Ilé ta ni?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi mà."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́, gààrí àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba mà."

"Ta ló ń bá wọn kọ ohun tí wọ́n tà?"

"Èmi ni mà."

"Àwìn ńkọ́?"

"Èmi náà ni mà."

Màmá bọ́ gíláàsì. "Kí lo kà ní Pólì?"

Mo ní ìṣirò owó, HND, ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n wo ojú mi títí. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ka ìṣirò owó, ó ń ṣírò owó lójoojúmọ́, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n ní kí n sọ nípa ìwé àwìn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń kólòlò, gbólóhùn inú ìwé ₦1,500 náà ń wọ inú ara wọn lẹ́nu mi. Màmá ní kí n dákẹ́, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde. Mo ní nígbà tí mo dé láti Kẹ́bbí tí mo ti sìnlú, ara káléńdà ògiri àti inú orí ìyá mi ni àwìn wà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, ènìyàn 23 ló jẹ wá ní gbèsè, ₦146,500. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí gbèsè wọn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí kò tíì pé oṣù kan, àti àwọn tó ti kọjá oṣù kan. Àwọn ti ìkẹyìn yìí jẹ́ 11. Mo bá ìyá mi sọ pé ẹni tó bá jẹ gbèsè kò ní gba àwìn mìíràn àfi tó bá san ìdajì. Ìyá mi bínú, wọ́n ní mo fẹ́ lé oníbàárà àwọn lọ. Ènìyàn méjì sì bínú lọ lóòótọ́. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù méjì, ènìyàn mẹ́rin péré ló kù, ₦21,000.

Yàrá dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń gbọ́.

"Wá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí," Màmá wí, "gẹ́gẹ́ bó o ṣe sọ ọ́. Má fi ohunkóhun kún un." Ó sì rọrùn. Ọ̀rọ̀ ló ti ṣòro fún mi tẹ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Orí ìtàn tèmi ni wọ́n ti wá kọ́ gbogbo kíláàsì. Wọ́n ní bí a ṣe ń pa àlọ́ náà ni. Ibo ló ti ṣẹlẹ̀? Kí ni wàhálà tó wà níbẹ̀? Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe? Kí ló yọrí sí? Àwọn onígẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀nà yìí ní STAR, lẹ́tà kan fún ìbéèrè kan. Wọ́n ní ibi tí àwa tí a ò ṣiṣẹ́ rí ti máa ń ṣubú ni ìkẹta, torí "a ṣe é" là ń sọ ṣáá. Ìjọ ló ṣe é, ẹgbẹ́ ló ṣe é, àwa àgùnbánirọ̀ la ṣe é. Ìwọ ńkọ́? Ọmọbìnrin kan ní àwọn àgùnbánirọ̀ gbẹ́ kànga ní abúlé. Màmá ní ṣé òun ló gbẹ́ ẹ. Ó ní rárá, òun ló kọ orúkọ àwọn tó dáwó, òun ló ń lọ dúnàádúrà iye símẹ́ńtì. "Ìyẹn ni kó o sọ. Fi kànga sílẹ̀ fún agbẹ́kànga."

Ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Ó máa ń ni wá lára láti sọ pé èmi ni mo ṣe báyìí. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó ń yin ara rẹ̀ kò ní ìtìjú. Màmá kò ní ká máa fọ́nnu o. Wọ́n ní iye ni kí a sọ, ká dákẹ́. "Mo gbọ́n" jẹ́ ìfọ́nnu. "₦146,500 di ₦21,000" kì í ṣe ìfọ́nnu.

Wọn kì í sì gbà kí ènìyàn na ọ̀rọ̀ ju bó ṣe gùn lọ. Mo ní nígbà IT mi, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ ní ilé iṣẹ́, oúnjẹ ni wọ́n ń rán mi rà, mo máa ń kọ owó tí oníkálukú fún mi, mo sì ń dá ṣéńjì padà láìṣì. Mo rò pé wọ́n á yìn mí. Wọ́n ní, "Ó dáa, àmọ́ má pe bọ̀ọ̀lì rírà ní àbójútó owó ilé iṣẹ́." Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó ra lẹ́tà pé òun ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Màmá gba lẹ́tà náà, wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ń buwọ́ lùwé kí ẹrù tó jáde, kí lẹ máa ń ṣe tí iye ẹrù bá yàtọ̀ sí iye inú ìwé, ọjọ́ wo lẹ máa ń ka ẹrù? Ó dáhùn èyí àkọ́kọ́, ó ń dáhùn lọ, ó sọ̀rọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló tako ara rẹ̀. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Wọ́n dá lẹ́tà náà padà fún un, wọn ò bú u.

Àlébù rẹ ńkọ́? Ẹni mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn pé àlébù àwọn ni pé àwọn fẹ́ kí iṣẹ́ pé jù. "Àlébù gbogbo yín ti wá jẹ́ ìwà rere." Tèmi ni pé n kò tíì já fáfá nídìí Excel, mo sì ń fi ìwé àwìn náà kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí òótọ́ ni, mo sì ń ṣe nǹkan sí i.

Ti owó oṣù: má sọ pé "ohunkóhun tí ẹ bá fún mi". Ṣírò owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ kan ná, sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn iye ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ Sátidé, kó o mọ iye tí o kò lè gbà. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, kó o rántí ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ní lọ́kàn fún iṣẹ́ yẹn.

Ìbéèrè tí mo tìtorí rẹ̀ gbóríyìn fún Màmá jù ni èyí tí wọ́n máa ń bi àwa obìnrin: ṣé o ti ní àfẹ́sọ́nà, ìgbà wo lo fẹ́ ṣègbéyàwó? Bọ̀ọ̀dá Gẹ̀ẹ́sì ní ká rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá ní ká má jà, ká má sì tú inú wa fún wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá o máa fi wọ́n sílẹ̀. Ìyẹn ni kó o dáhùn: Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ìdílé mi wà níbí, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Kó o wá dákẹ́.

Sátidé kẹta, wọ́n fi wá ṣe íntáfíù, ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó kéré. Fún owó yẹn, ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní kí ẹni tó jókòó tì mí fi fóònù mi ká mi sílẹ̀. Ẹ wò mí nínú fídíò náà: ọwọ́ òsì mi ń yí bọ́tìnnì aṣọ mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú mi sì ń wolẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú yìí gba àkókò púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Ẹni tó wá láti ilé iṣẹ́ ńlá l'Ékòó kò rò ó bẹ́ẹ̀, ó lè máa rò pé o ń fi nǹkan pa mọ́. Màmá kò ní ká yàjú. Wọ́n ní ká máa wo àárín ojú wọn méjèèjì, níbi tí iwájú orí ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní mọ ìyàtọ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú ìyá mi nílé. Ìyá mi ní kí ló dé tí mo ń wo iwájú orí àwọn, ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni. Ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Gbé fáìlì sórí àga kọ́kọ́, tẹ orúnkún díẹ̀, dìde, dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kó o jókòó. Fáìlì kọ́kọ́! Ibo ni Màmá wà ní oṣù kẹta?

Sátidé kẹrin, Màmá ò wá. Bọ̀ọ̀dá náà tún CV wa wò ní kíá, ó pín ìwé ẹ̀rí. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó wọn pé àwọn máa so wá mọ́ àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo béèrè, ó ní ká máa wo fóònù wa. Mo ṣì ń wò ó.

Oṣù keje, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páànù àti símẹ́ńtì lọ́nà Oǹdó pè mí fún iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó. Ìbéèrè Alágbàká náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí? Mo ní n kò tíì gba owó oṣù níbì kankan, àmọ́ mo ti ń mójú tó àwìn ní ìsọ̀ ìyá mi fún ọdún kan ààbọ̀. Obìnrin àárín wọn fi bíìrò sílẹ̀. Mo mú ojú ìwé méjì tí mo dà kọ jáde. Màmá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé ìwé àwìn gangan lọ, gbèsè ọlọ́gbèsè kì í ṣe nǹkan àfihàn. Torí náà, Oníbàárà 1, Oníbàárà 2 ni mo kọ, títí dé 23.

Ọkùnrin tó dàgbà jù nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ orúkọ. Mo ní àwọn kan nínú wọn ń gbé ládùúgbò yìí sà, wọ́n tiẹ̀ lè máa ra símẹ́ńtì lọ́wọ́ yín. Ó wo obìnrin náà, obìnrin náà wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ nípa àwọn tó jẹ àwọn pàápàá ní gbèsè símẹ́ńtì ni wọ́n ń bá mi sọ, wọ́n ń bi mí pé báwo ni mo ṣe máa pín in. Mo ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, ₦8,000 náà kò pọ̀ fún Sátidé kejì àti ìkẹta. Ó pọ̀ jù fún àkọ́kọ́ àti ìkẹrin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni Màmá máa wá, kí ẹ sì dúró dìgbà tí wọ́n bá dá yín lóhùn. Ẹ tètè dé, ẹ lè rí àga. Ẹ má ra ìwé náà, kò pọn dandan, kódà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fagídí mú yín. Tèmi ti wà ní Ọjà Ọba. Ìyá mi ló kó o fún alákàrà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ wa. Lánàá mo ra àkàrà ₦500 lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú u, epo ti rin ìdájì ojú ìwé náà, ìdáhùn 17 ni.